Ẹ̀gúsí Ọwọ́ Àwẹ̀ró

Bí àlejò bá dé Àgọ́-Ìṣápá, kì í pẹ́ tó fi ń gbọ́ òwe kan tó máa ń mú un wo ẹni tó pa á tìfura-tìfura. Wọ́n á ní, "Ẹrù orí àgbà là ń gbà, a kì í gba ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀." Apá kìíní yé tọmọdé tàgbà. Ọmọ tó bá rí àgbà tó ru igi bọ̀ láti oko, tí kò sáré lọ gbà á, wọn kò kọ́ ọ nílé ni. Apá kejì ló ń da àlejò láàmú. Kí ló dé tí ẹni tó gba igi lórí ìyá arúgbó yóò tún fi í sílẹ̀ kó máa fi ìka tó ń gbọ̀n bó ẹ̀gúsí? Ṣé orí ẹrù nìkan ni ẹ̀kọ́ ilé mọ ni? Èmi náà ti bi irú ìbéèrè yìí rí, wọ́n sì fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ẹ má bẹ̀rù, èmi ò ní fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wà ní agbo ilé Alágbọ̀n nígbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òun ni ìyálé gbogbo ilé, nítorí kò sí ìyàwó kankan tó wọlé ṣáájú rẹ̀ tó ṣì wà láyé. Orí rẹ̀ ti funfun, eyín rẹ̀ ti dín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò dín rárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti ṣí ilé adìẹ, á sì máa kà wọ́n jáde lórúkọ. Adìẹ tí wọ́n ń pè ní Olè-Àgbàdo mọ ara rẹ̀ dájú. Bó bá gbọ́ orúkọ yẹn, á yà gba ẹ̀yìn ilé lọ. Bí ẹnì kan bá kọjá níwájú ilé, Àwẹ̀ró kì í kí i lásán. Á béèrè ìyá ìyá rẹ̀, á béèrè ewúrẹ́ wọn tí kò jẹun lọ́jọ́sí, á sì béèrè bóyá wọ́n ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ọjọ́ ọjà kò jẹ́ yẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ń ná ọjà débi pé ẹni tó ń tajà á máa bú u, á sì máa rẹ́rìn-ín. Lálẹ́, ó ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ ilé, kò sì gbọdọ̀ pa èyí tó pa lánàá. Bó bá gbìyànjú rẹ̀, àwọn ọmọ á hó lé e lórí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni èyí tó ń ṣe lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá mú. Á gbé igbá ẹ̀gúsí sórí itan, á máa bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ á sì máa lọ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ rò pé orin ló ń kọ. Orúkọ ló ń pè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní agbo ilé Alágbọ̀n, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ kì í ṣàdédé jáde. Ìyàwó á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìyálé ilé á dúró sẹ́nu ọ̀nà ìta. Ìyálé á wá máa pe àwọn ìyá ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dáná níbẹ̀ títí dé orí òun fúnra rẹ̀. Mẹ́wàá ni wọ́n. Bó bá ti pe ọ̀kan, ìyàwó á dáhùn pé, "Ìyá mi ni," á sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ìyá mẹ́wàá, ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó bọ́ síta. Bí wọ́n bá fo ìyá kan, ọmọ náà jáde láìdágbére fún un nìyẹn. Bí ìyálé bá sì dákẹ́ láàárín, tí kò lè pe èyí tó kàn, ìyàwó á padà sí yàrá, wọ́n á yẹ ọjọ́, ìpè náà á sì kúrò lọ́wọ́ ìyálé yẹn títí láé.

Ìyá kẹjọ ló máa ń sọnù lórí àwọn ènìyàn. Àsàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kò bímọ, kò sì sí ẹnì kankan nílùú tó lè sọ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lòun. Àmọ́ nígbà tí Àwẹ̀ró wọlé bí ìyàwó, tó ń sunkún ilé ìyá rẹ̀, Àsàkẹ́ ló fà á mọ́ra. Ó gbé igbá ẹ̀gúsí sáàárín àwọn méjèèjì, ó ní, "Ìyàwó, bó ọ̀kan, pe ọ̀kan. Ohun tí ọwọ́ bá mọ̀, orí kì í tètè gbàgbé rẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti ń bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú orúkọ.

Láníhún, tó máa ń fi oríkì pè ní Àjàní, ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó fi ọdún mẹ́jọ ṣòwò obì lókè ọya, ó sì fi Bọ́látitó ìyàwó rẹ̀ àti Ìbídùn ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ gidi ni Láníhún. Ẹ má jẹ́ kí ìtàn yìí mú yín rò pé èèyàn burúkú ni. Ìfẹ́ ló fẹ́ fi pa ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ tó padà dé gan-an ló pàdé ìyá náà lọ́nà ọjà, agbọ̀n iṣu lórí. Ó sọ ẹrù tirẹ̀ sílẹ̀, ó gba agbọ̀n náà, ó sì gbé e ka orí tirẹ̀ tòun ti agbádá. Ìyá rẹ̀ ń ṣúre fún un títí wọ́n fi délé. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, mi ò ní rí ìtàn kankan sọ fún yín lónìí.

Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé yìn ín, ìyìn sì máa ń pa ọmọ ènìyàn bí ọtí. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó ní kí ìyá òun má lọ mọ́. Ó fa ilé adìẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ má wá yọ ìyá lẹ́nu pẹ̀lú àlọ́ mọ́, kó lè tètè sùn. Ó wá gbé àga onítìmùtìmù pupa kan tó rà bọ̀ láti òkè ọya sínú yàrá, ó ní kí ìyá máa jókòó síbẹ̀.

"Ìyá, ẹ ti ṣe tiyín. Ìsinmi ló kù."

"Kí ni mo fẹ́ sinmi kúrò nínú rẹ̀, Àjàní?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

Nígbà tó kan igbá ẹ̀gúsí, Àwẹ̀ró fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Eléyìí kò wúwo."

"Ìyá, ẹ má dójú tì mí. Kí ni aráyé á sọ bí wọ́n bá rí ìyá Láníhún tó ń bó ẹ̀gúsí?"

"Wọ́n á sọ pé mo ń bó ẹ̀gúsí."

Láníhún rẹ́rìn-ín, ó gba igbá náà jẹ́jẹ́, ó sì gbé e fún Bọ́látitó. Bọ́látitó gbà á. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ọkọ rẹ̀ ló ní kó gbà á, ó sì dà bí ohun tó dára lójú òun náà.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí nǹkan fi yí padà. Àwẹ̀ró ń jẹun, ó ń sanra, ó ń tàn yinrin. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ bóyá òun ti jẹun. Ó ń pe Ìbídùn ní orúkọ ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ tó ti kú láti ìgbà pípẹ́. Ó ń sùn lọ́sàn-án, ó ń la ojú sílẹ̀ lóru. Bí àwọn ènìyàn bá wá kí i, á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì ní béèrè ewúrẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìdílé kan wá tọrọ Ìbídùn, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìbídùn sáré wọlé tọ ìyá àgbà rẹ̀ lọ, ayọ̀ kún ojú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ wá pe àwọn ìyá fún mi, kí n fi dánra wò!"

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀. Ó pe èkíní, ó pe èkejì, ó ń lọ. Ó pe ìkeje, ó sì dúró. Ó la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí itan lófìfo, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìbídùn, ẹni tó fà mí mọ́ra ni. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò yìí. Mi ò rí orúkọ rẹ̀ mọ́."

Ẹkún yẹn dun Ìbídùn wọ egungun. Ó dun Láníhún náà nígbà tó gbọ́. Ó lọ bá Ìyá Ògúndípẹ̀, ìyàwó ilé tí ipò rẹ̀ tẹ̀lé ti Àwẹ̀ró, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn pe àwọn ìyá lọ́jọ́ náà kí ìtìjú má bàa bá ìyá òun lójú agbo. Ìyá Ògúndípẹ̀ ti ń dúró de ìpè yìí láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó gbà kí ẹnu Láníhún tó pa dé.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ mi. Màá pe gbogbo wọn. Àfi Àsàkẹ́ yẹn ni mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí á máa pè. Ẹni tí kò bímọ, ìyá ta ni?"

Ìbídùn gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn ògiri. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní bí kì í bá ṣe Ìyá Àgbà ló pe òun, òun ò ní gbé ẹsẹ̀ kan kúrò ní yàrá, kí ọkọ yáa wá fẹ́ òun sínú ilé níbẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sí i, ohun ìyanu bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Bọ́látitó gbé ẹ̀gúsí tí kò tíì bó kalẹ̀, ó lọ sódò. Nígbà tó dé, wọ́n ti bó ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, wọ́n sì ti tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan igbá, ó funfun láú. Èèpo rẹ̀ kò sí níbì kankan. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kúnwọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ìlàjì igbá.

"Eku ni," Láníhún wí.

"Bàbá Ìbídùn, eku wo ló ń bó ẹ̀gúsí tí kì í jẹ ẹ́?"

Láníhún lọ dẹ tàkúté sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá. Nígbà tó padà dé, tàkúté náà ti ré, kò mú nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ̀gúsí kan tí wọ́n ti bó wà láàárín rẹ̀ gbọnrangandan. Láníhún gbé tàkúté náà wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó na án sókè.

"Ìyá, ẹ tiẹ̀ wo èyí! Eku tó wà nílé yìí gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ."

"Bóyá wọn kò tíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tirẹ̀ ni," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn.

Láníhún jáde lọ, ó ń mi orí. Bó ṣe ń lọ, Àwẹ̀ró yí ìdí padà lórí àga, àga náà sì dún wàràkà-wàràkà. Láníhún ní àṣé àwọn ará òkè ọya rẹ́ òun jẹ lórí tìmùtìmù náà.

Bọ́látitó ló já ọ̀rọ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbàgbé òṣùká rẹ̀, ó sì yí padà lójú ọ̀nà odò. Ó gbọ́ ohùn nínú yàrá. Pà! "Àtọ́kẹ́." Pà! "Àdùfẹ́." Ó yọjú. Àwẹ̀ró jókòó sórí àga rẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹ̀gúsí mọ́ra, ó ń bó o, ó ń pe orúkọ, ó sì ń ki èèpo bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ó pe títí dé ìkeje. Ó bó ìkẹjọ, ó dákẹ́, ó mi orí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Àtọ́kẹ́.

Pákó ìlẹ̀kùn dún. Àwẹ̀ró gbé ìborùn bo gbogbo rẹ̀, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ẹ̀rín pa Bọ́látitó débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni ọ̀rọ̀ yé e, ẹ̀rín sì dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ foríjì mí."

Àwẹ̀ró la ojú kan. "Má sọ fún ọkọ rẹ. Yóò tún gba èyí náà."

"Mi ò ní sọ. Ṣé kí n bù sí i?"

"Bù sí i. Kó o sì lọ wo Olè-Àgbàdo fún mi. Láti àárọ̀ ni mi ò ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó dàbí ẹni pé ó ń sàba níbì kan tí ẹ kò mọ̀."

Abẹ́ àká ni Bọ́látitó ti bá adìẹ náà, ó ti sàba lé ẹyin mọ́kànlá. Ó ta Ìbídùn lólobó, Ìbídùn náà sì sọ ohun tí Ìyá Ògúndípẹ̀ wí nípa Àsàkẹ́ fún Ìyá Àgbà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀kan. Bí Láníhún bá ti fi ẹ̀yìn hàn, Ìyá Àgbà á dìde. Ó ń ka adìẹ, ó ń bá Ìbídùn lọ ná ọjà, àwọn ọmọ á sì yọ́ wọlé wá gbọ́ àlọ́ lójú ọjọ́. Ó tún ti ń béèrè ewúrẹ́ àwọn ènìyàn. Láníhún rí i pé ojú ìyá òun tún ti ń dán, ó ní ìsinmi náà ló ti ń ṣiṣẹ́! Bọ́látitó fi aṣọ bo ẹnu, ó sá jáde.

Kìkì orúkọ kan yẹn ló kù. Lọ́jọ́ kan á wá, lọ́jọ́ mìíràn kò ní wá. Ìgbéyàwó sì ti dé tán.

Lọ́jọ́ náà, ilé kún dẹ́nu. Àwọn àna ti wà níta, wọ́n ń retí ìyàwó. Ìyá Ògúndípẹ̀ ti wé gèlè, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ìta, ó ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti fi tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ìbídùn yọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó wo ẹni tó fẹ́ pè é, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀.

"Ìyá Àgbà ni mo fẹ́."

Láníhún sáré bá a. "Ìbídùn, ìyá mi ni mò ń dáàbò bò. Bó bá dákẹ́ láàárín lójú gbogbo ayé yìí ńkọ́?"

Àwẹ̀ró dìde lórí àga rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Ó rìn gba àárín wọn kọjá.

"Àjàní, ṣé ìwọ lo bí mi ni, àbí èmi ni mo bí ọ?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ògúndípẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lọ jìnnà. Ìbídùn dìde dúró. Àwẹ̀ró ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

"Àtọ́kẹ́, tó kọ́kọ́ dáná nílé yìí!"

"Ìyá mi ni!" Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ kan.

"Àdùfẹ́ aláró, ọwọ́ rẹ̀ kò funfun rí!"

"Ìyá mi ni!"

Ó pe Àjọkẹ́ tó ń fi ẹ̀rín pa ìjà. Ó pe Àmọ̀kẹ́ àti Àkànkẹ́, ó pe Àbẹ̀kẹ́ tí kì í kánjú àní bí òjò bá ń lé e bọ̀, ó pe Àlàkẹ́ tó mọ ọbẹ̀ sè. Ìyá méje, ẹsẹ̀ méje. Ó wá dákẹ́.

Ìbídùn dúró láàárín ilé, kò lè lọ síwájú, kò sì fẹ́ padà. Àwọn tó wà níta na ọrùn, wọ́n ń yọjú wòlé. Ìyá Ògúndípẹ̀ tún ti wúkọ́. Láníhún kò lè fara dà á mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kí ó lọ di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú lọ jókòó. Bọ́látitó fa agbádá rẹ̀ gbàgà láti ẹ̀yìn.

"Ẹ fi í sílẹ̀."

"Ṣé o ò rí i pé..."

"Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀, mo bẹ̀ yín."

Òótọ́ ni. Nǹkan kan ń mì lábẹ́ ìborùn. Ẹ̀gúsí kẹjọ le, ìka arúgbó sì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ó yí i padà, ó fi èékánná wá etí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Pà!

"Àsàkẹ́!"

Ariwo Àwẹ̀ró yìí gba gbogbo ilé. "Àsàkẹ́ tí kò bí ọmọ kan, tí gbogbo ilé ń pè ní ìyá! Àsàkẹ́ tó nu ojú mi lọ́jọ́ tí mo wọlé! Ìyá Ògúndípẹ̀, o ní ìyá ta ni? Ìyá mi ni!"

"Ìyá mi ni!" Ìbídùn kígbe, omijé ti ba tìróò ojú rẹ̀ jẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fò dípò kó gbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Àńkẹ́ kò ṣòro, Àwẹ̀ró alára kò sì ṣòro. Ìbídùn bọ́ síta sáàárín ìhó ayọ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, Àwẹ̀ró yíjú sí Ìyá Ògúndípẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni ìkọkànlá, ìyàwó mi. Má kánjú." Ìyá Ògúndípẹ̀ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀.

Láníhún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ dúró sí. Ó ṣa èèpo ẹ̀gúsí nílẹ̀, ó rí mẹ́wàá. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Bọ́látitó lọ gbé tìmùtìmù pupa kúrò lórí àga. Èèpo ẹ̀gúsí kún abẹ́ rẹ̀ bámúbámú, ó ń dà sílẹ̀ wàràwàrà.

"Eku ilé wa nìyí," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹrù ni mo rò pé mò ń gbà."

"O gba ẹrù, ọmọ mi. Lọ́nà ọjà lọ́jọ́sí, o gba ẹrù lórí mi, mo sì ṣúre fún ọ. Ẹrù orí àgbà là ń gbà. A kì í gba ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀. Dìde, agbádá rẹ ń dọ̀tí."

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó, Láníhún gbé igbá ẹ̀gúsí wọlé fúnra rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá Ògúndípẹ̀ náà fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ wọn. Kí oòrùn tó rọ̀, àtàǹpàkò Láníhún ti wú, kò sì tíì kọjá ìyá kẹrin. Ìyá Ògúndípẹ̀ ní tirẹ̀ ti dé ìkẹjọ. Ó bó o, ó sì pe orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè ketekete.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Àgọ́-Ìṣápá, tí ẹ rí ìyá arúgbó tó ru igi, ẹ yáa sáré, nítorí wọ́n á bú yín bí ẹ kò bá gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i níjòókòó lọ́sàn-án, tí igbá wà lórí itan rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ kí i, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì pa ọwọ́ yín mọ́. Ẹrù orí àgbà là ń gbà, a kì í gba ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀.